Kí N Tó Ra Píkọ́ọ̀pù Ńlá: Ohun Tí Ìwé Ẹnu Ilẹ̀kùn Fi Yé Mi

Bí ẹ bá ń wá píkọ́ọ̀pù ńlá rà, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà máa ń há mọ́. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tó ní àwọ̀ yẹ́lò lára tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àròpọ̀ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tó máa wà nínú ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá iye kan, wọ́n á sì kọ iye náà ní kílò àti ní pọ́ùn. Kì í ṣe nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni o. Nọ́ńbà èyí tó wà níwájú yín gan-an ni, bó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú àga rẹ̀, gíláàsì orí rẹ̀, táyà rẹ̀ àti gbogbo mèremère tí wọ́n fi sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ní kí ìwé yìí máa wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń fi ọkọ̀ kan wé òmíràn, kò sí ìpolówó kankan tó là mí lóye tó o.

Iṣẹ́ gígé koríko àti títún àgbàlá ṣe ni mo ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń darúgbó, tírélà tí mo ń so mọ́ ìdí rẹ̀ náà sì ti tóbi ju èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ. Bí a bá kó ẹ̀rọ ìgékoríko tí èèyàn ń jókòó lé wà sórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ewé, jálá epo, ṣọ́bìrì àti ráàkì, àpapọ̀ rẹ̀ máa ń tó 7,000 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bíi 3,175 kílò. Èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta la sì jọ máa ń jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò ní máa mí gúlegúle lórí òkè, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì ní já wa kulẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni mo ń wá.

Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde pé mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù báyìí, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń wa Ford ní kò sí méjì Ford. Ẹni tó ń wa Chevrolet ní ẹ́ńjìnì V8 wọn, onísílíńdà mẹ́jọ, ni baba. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń wa Tundra ti Toyota láti ayé ẹ́ńjìnì lítà 5.7 tilẹ̀ ní òun ò ní bá mi lọ síbi tí mo bá ti fẹ́ wo ohun mìíràn. Ìmọ̀ràn ìfẹ́ ni gbogbo wọn, mo sì mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bi wọ́n pé mélòó ni ọkọ̀ tiwọn lè gbé, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni èyí tó lè fà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìpolówó, iye tí ọkọ̀ lè fà ni wọ́n máa ń pariwo. Nínú àwọn ti ọdún 2024, F-150 ti Ford lè fà tó 13,500 pọ́ùn. Silverado 1500 ti Chevrolet lè fà tó 13,300. Ram 1500 tó ní ẹ́ńjìnì Hemi dé 12,750, Tundra sì dé 12,000. Ẹni tó ní tírélà 7,000 pọ́ùn bíi tèmi á gbọ́ èyí, á rẹ́rìn-ín, á ní èyíkéyìí tí òun bá mú nínú wọn ti pọ̀ jù fún òun. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì kan pàtó, irin ìdí kan pàtó àti ìwọ̀nba ohun amáyédẹrùn kọ, ló máa ń dé iye gíga yẹn. Èyí tó wà lórí pápá níbi tí ẹ ti ń wò kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Tírélà kì í kàn ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn lásán. Iwájú rẹ̀ ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ̀n tó ń tẹ̀ ẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbogbo tírélà náà, kí ó má baà máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú títì. Ohun tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹrù tí ọkọ̀ gbé ni. Ara nọ́ńbà tó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn ló ti máa jáde. Ẹ jẹ́ ká fi tèmi ṣe é. Mo mú 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 910 pọ́ùn. Ọkùnrin mẹ́rin, ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn 180 pọ́ùn, ìyẹn jẹ́ 720. Irin ìkọ́ tó ń pín ìwúwo sí táyà iwájú àti tẹ̀yìn fúnra rẹ̀ tó 80. Omi mímu, àpótí irinṣẹ́ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, mo fi wọ́n sí 150. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,860 pọ́ùn. Kí n tó kúrò nílé rárá nìyẹn.

Ìṣirò yìí wà lórí ìwé nínú àpò mi nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù méjì dúró ti ara wọn níbẹ̀: orúkọ kan náà, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, ilẹ̀kùn mẹ́rin mẹ́rin. Àkọ́kọ́ jẹ́ olówó gọbọi, àga rẹ̀ jẹ́ awọ, gíláàsì ńlá wà ní orí rẹ̀, ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ń jáde fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fa ọkọ̀. Èkejì jẹ́ ti òṣìṣẹ́, àga aláṣọ, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á mú mi lọ sídìí àkọ́kọ́ tààrà. Ó ní, “Ọ̀gá, èyí máa fa ilé tẹ̀ lé yín.” Mo ní kí ó jọ̀ọ́ bá mi ṣí ilẹ̀kùn. A jọ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 1,387 pọ́ùn. Mo ní kí a ṣí ti èkejì. Ó jẹ́ 1,911. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju 500 pọ́ùn lọ, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ìpolówó kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bí mo bá ra èyí tó wù ojú, iṣẹ́ mi máa fi 473 pọ́ùn kọjá agbára rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀gbẹ́ni náà kò purọ́ fún mi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó polówó ọjà. Ó kàn ní kò sí ẹni tó bẹ òun rí pé kí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ wo ìwé ẹnu ilẹ̀kùn.

Gbogbo ohun amáyédẹrùn ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Gíláàsì orí ọkọ̀, mọ́tò tó ń ti àga síwá sẹ́yìn, ìtẹ̀sẹ̀ irin, ẹ̀rọ tó ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára, bátìrì haíbíríìdì (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀), gbogbo wọn ń gba àyè lọ́wọ́ èèyàn àti ẹrù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èyí tó wọ́n jù nínú ẹ̀yà kan náà ló sábà máa ń gbé ẹrù tó kéré jù. Ó sì yẹ kí a rántí pé ohun tí a bá fi sí ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti jáde ní ilé-iṣẹ́, bí ìbòrí ẹ̀yìn tàbí àpótí irinṣẹ́ ńlá, kò sí nínú ìṣirò ìwé ẹnu ilẹ̀kùn. Àwa fúnra wa la máa yọ ìwọ̀n wọn kúrò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fífà náà ní ìtàn. Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dán ọkọ̀ tirẹ̀ wò bó ṣe wù ú, tó sì ń kéde iye tó bá fẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní SAE wá gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ J2807. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fa ẹrù náà gun òkè Davis Dam ní ìpínlẹ̀ Arizona, òkè tó gùn ju máìlì 11 lọ, nínú ooru tó mú gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn pátápátá, kí ìyára rẹ̀ má sì wálẹ̀ kọjá 40 máìlì ní wákàtí kan. Toyota ló kọ́kọ́ gba ìlànà yìí, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ọdún 2011, kí àwọn yòókù tó wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n tún un sọ kí ìyàwó òun gbọ́. Ìdánwò gidi ni, mo sì gbóríyìn fún àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan àti èrò kan, 150 pọ́ùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ló ní kó wà nínú ọkọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin tó jẹun kánú kò sí nínú ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe rí wọn.

F-150 ni mo kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò, nítorí òun ló pọ̀ jù lójú títì. Láti ọdún 1977 ni píkọ́ọ̀pù Ford ti ń tà ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Amẹ́ríkà. Láti ẹ̀yà ọdún 2015 ni wọ́n ti ń fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀ dípò irin. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó wúwo, òun náà ló sì mú kí nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ga bí èèyàn bá fara balẹ̀ ṣa èyí tí kò ní mèremère púpọ̀. Ẹ́ńjìnì 3.5 EcoBoost rẹ̀ jẹ́ V6 (onísílíńdà mẹ́fà) onítọ́bò méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì; agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 400, agbára ìfà rẹ̀ (ipá tí ẹ́ńjìnì fi ń yí, lb-ft ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) jẹ́ 500 lb-ft. V8 5.0 rẹ̀ náà ní agbára ẹṣin 400, àmọ́ agbára ìfà tirẹ̀ jẹ́ 410, ó sì gbọ́dọ̀ sáré gan-an kí ó tó dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wa àwọn méjèèjì nìyẹn: V8 ń ké, ó dùn ún gbọ́, àmọ́ onítọ́bò kàn ń fà lọ ní pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni pé kò sí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbi òkè gíga tún máa jàǹfààní tọ́bò ju èyí lọ, torí bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò sì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn.

Haíbíríìdì F-150 tí wọ́n ń pè ní PowerBoost wọ̀ mí lọ́kàn. Ó ní ojú iná lẹ́yìn tó lè pèsè 7.2 kílówáàtì, ìyẹn ni pé a lè máa ṣájì bátìrì ẹ̀rọ afẹ́wé láì gbé jẹnẹrétọ̀ dání. Fún iṣẹ́ bíi tèmi, oore ńlá nìyẹn jẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ka ìwé, ìwọ̀n bátìrì àti mọ́tò iná ti jẹ nínú ohun tó lè gbé. Kò gba àwa mẹ́rin àti tírélà wa. Mo pa ilẹ̀kùn náà dé pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀, mo sì tẹ̀ síwájú.

Silverado 1500 ní ẹ̀yìn tó fẹ̀ jù láàárín wọn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ̀yìn kúkurú rẹ̀ gba 62.9 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì, nígbà tí ti F-150 kúkurú gba 52.8, ti Ram sì gba 53.9. Ẹni tó bá ń kó ewé gbígbẹ àti ẹ̀ka igi gígé kúrò ní àgbàlá oníbàárà máa mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí. Wọ́n tún gbẹ́ ihò ìtẹ̀sẹ̀ sí igun méjèèjì bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀, ohun kékeré tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìgbà púpọ̀ lóòjọ́ máa dúpẹ́ rẹ̀. Orúnkún mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnì dísù rẹ̀, Duramax 3.0, ní agbára ìfà 495 lb-ft láti ọdún 2023, ó sì ń ṣọ́ epo jẹ. Fún ẹni tó ń rìn jìnnà lójú títì márosẹ̀, èmi á ní kó lọ wò ó dáadáa. Ìrìn tèmi kúkurú ni, láti àgbàlá kan sí òmíràn, ká pa á, ká tún tan án, ẹ́ńjìnì dísù kì í sì gbádùn irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí GMC Sierra, inú kan náà ni òun àti Silverado ti jáde. Ojú àti inú ọkọ̀ ló yàtọ̀.

Ram 1500 ló tẹ́ mi lára jù láti wà. Láti ẹ̀yà ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi sípíríǹgì kíká sí ìdí rẹ̀ dípò irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, èyí tí Ford àti Chevrolet ṣì ń lò. Bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn, ẹ ò ní mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù ni ẹ wà nínú rẹ̀. Ihò ojú títì kò dé ìdí yín. Àwọn òṣìṣẹ́ mi tó jókòó sẹ́yìn ní èyí ni kí n rà, kí n má wo ibòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a so tírélà mọ́ ọn, mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan wò ó: ìdí rẹ̀ ti rẹlẹ̀, imú rẹ̀ ti gbójú sókè. Èyí tó ní sípíríǹgì afẹ́fẹ́ máa ń gbé ara rẹ̀ dúró dọ́gba, àmọ́ gbígbé ìdí sókè kò fi kún nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ìdí ọkọ̀ kò bá ti wálẹ̀, ẹrù kò tíì pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ìdí, táyà àti bíréèkì mọ ohun tí wọ́n gbé, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i.

Ní ti ẹ́ńjìnì Ram, ìyípadà ti pọ̀. Wọ́n mú V8 Hemi 5.7 kúrò nínú ẹ̀yà ọdún 2025, wọ́n fi ẹ́ńjìnì 3.0 onísílíńdà mẹ́fà tó tò sórí ìlà kan, tó ní tọ́bò méjì, Hurricane, rọ́pò rẹ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 420 tàbí 540 bí èèyàn bá ṣe rà á. Àwọn oníbàárà kò dákẹ́, Hemi sì padà wá nínú ẹ̀yà ọdún 2026. Ẹni tó bá ń ra Hemi àlòkù gbọ́dọ̀ béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: iye ìgbà tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ máa ń yí kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn kan jẹ́ 3.21, àwọn kan jẹ́ 3.92. Láti òde, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ ohun tí wọ́n lè fà lè ju 2,000 pọ́ùn lọ.

Tundra wá ńkọ́? Láti ẹ̀yà ọdún 2022 ni wọ́n ti mú V8 kúrò nínú rẹ̀, V6 onítọ́bò méjì ló kù, pẹ̀lú haíbíríìdì tí agbára ìfà rẹ̀ dé 583 lb-ft. San Antonio ní Texas ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í sì í ṣe Japan gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe rò. Ìdí kan wà tí kò fi sábà sí píkọ́ọ̀pù òkèèrè lójú títì Amẹ́ríkà: láti ọdún 1964 ni owó orí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà lórí èyí tó bá ti òkè òkun wọlé. Ìjà lórí ẹran adìẹ láàárín Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló dá a sílẹ̀, ìjà ti parí, owó orí kò lọ. Tundra le, ó sì fi ọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó lè gbé jù nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ kò ju 1,940 pọ́ùn lọ, èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ńlá tí mo rí kò sì súnmọ́ ọn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Àbúrò, Toyota kì í dójú ti ni.” Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, mélòó ni wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn tiyín?” Ó mú fóònù, ó tan iná rẹ̀, ó jáde síta lálẹ́ ọjọ́ náà lọ wò ó. Nígbà tó wọlé, kò sọ nọ́ńbà náà fún mi. Ó kàn béèrè bóyá mo mọ ìwọ̀n ọkọ̀ ojú omi tó máa ń fà lọ pẹja.

Nissan Titan kò gba àkókò mi. Ọdún 2024 ni ẹ̀yà rẹ̀ ìkẹyìn, mi ò sì fẹ́ ra ọkọ̀ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣìṣe ilé-iṣẹ́ yan ọkọ̀ máa rí i pé kò sí ibi tí òun máa sá sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, General Motors, tó ni Chevrolet àti GMC, pe ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ́ńjìnì V8 6.2, àwọn ẹ̀yà 2021 sí 2024. Ní ọdún 2024, Toyota pe Tundra àti Lexus LX tó tó 102,000 padà nítorí ìdọ̀tí irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọdún yẹn kan náà ni Ram pe mílíọ̀nù 1.2 padà nítorí ètò ìdarí bíréèkì, tí Ford sì pe F-150 ti ọdún 2014 tó lé ní 500,000 padà nítorí jíà tó lè ṣàdédé bọ́ sí ìpele kìíní. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo fẹ́ràn, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa sọ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe lára ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n ṣe é tán kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí n yàn, mo bẹ̀ wọ́n níbi tí mo dé pé kí n fi tírélà tèmi wa ọkọ̀ wọn. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀, mi ò bá ẹni tó kọ̀ jà, àmọ́ mi ò padà lọ síbẹ̀. Ìrìn kúkurú pẹ̀lú ẹrù gidi lẹ́yìn ń fi ohun tí ìwé kì í sọ hàn. Mo wo bóyá dígí ẹ̀gbẹ́ fẹ̀ tó láti rí ẹ̀yìn tírélà. Mo wo bóyá ẹ̀rọ ìdarí bíréèkì tírélà ti wà nínú ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́, torí fífi í sí i lẹ́yìn jẹ́ wàhálà. Mo wo bí jíà ṣe ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bóyá ó máa ń lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ran bíréèkì lọ́wọ́. Ford ní bọ́tìnì kan tí a máa ń yí láti fi darí tírélà bí a bá ń wọ́ ọ sẹ́yìn. Èmi ti mọ bí a ṣe ń ṣe é láìsí i, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi fi bọ́tìnì yẹn wọ́ tírélà wọ àyè tóóró ní ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, inú mi dùn gan-an, torí mi ò ní máa wà níbi iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ wo irin ìkọ́ tó wà nídìí wọn. Ìwé kékeré mìíràn wà níbẹ̀, nọ́ńbà méjì ló sì sábà máa ń ní: ọ̀kan fún ẹni tó bá so tírélà lásán, èkejì tó ga jù ú lọ fún ẹni tó bá lo irin tó ń pín ìwúwo. Tírélà 7,000 pọ́ùn bíi tèmi sábà máa ń kọjá ti àkọ́kọ́.

F-150 ni mo rà níkẹyìn, ẹ̀yà XLT, alága aláṣọ, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, EcoBoost 3.5, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀. Ìwé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ka 2,063 pọ́ùn. Bí mo bá yọ 1,860 kúrò, 203 ló kù, ó tó fún òṣìṣẹ́ karùn-ún bó bá di dandan. Kì í ṣe pé Ford borí gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ pé n kì í fa tírélà, Ram ni ǹ bá máa wà títí di òní. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ka igi àti ewé nìkan ni mo ń kó, Silverado ni. Ọkọ̀ yẹn gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ yẹn, ló bá iṣẹ́ mi mu.

Lẹ́yìn tí mo gbé e délé, a kó gbogbo ẹrù sí i bí a ṣe máa ń kó o lọ síbi iṣẹ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, a sì gbé e lọ sórí CAT Scale, òṣùwọ̀n ńlá tó máa ń wà níbi tí àwọn awakọ̀ àjàgbé ti ń sinmi. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà. Wọ́n fún wa ní ìwé tó pín ìwọ̀n sí mẹ́ta: táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn, táyà tírélà. Mo fi ti táyà ẹ̀yìn wé iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn fún irin ìdí. Kò kọjá, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí àwọn ẹ̀rọ ìgékoríko ti wà níwájú tírélà jù. A tì wọ́n sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, nítorí bí ẹ̀yìn tírélà bá wúwo jù, orí ìdí ọkọ̀ á fúyẹ́, tírélà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì. A tún wọ̀n ọ́n, ó bọ́ sí i. Mo fi ọ̀dà funfun fàlà sí ilẹ̀ tírélà níbi tí táyà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé, àwọn òṣìṣẹ́ mi sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ibẹ̀. Bí a bá ra ẹ̀rọ tuntun, ibi òṣùwọ̀n ni a máa ń kọ́kọ́ gbà lọ, kí a tó gba ti oníbàárà.